Wọ́n Ti San Án

Ẹ̀yin òǹkàwé, ọ̀rọ̀ kékeré kan wà nínú èdè wa tó lè gbé gbogbo ilé mì láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni gbúròó rẹ̀. Kò ju sílébù kan ṣoṣo lọ. Ọmọdé mọ̀ ọ́n, àgbà mọ̀ ọ́n, kò sì sí ọjọ́ tí ẹ ò ní lò ó. "Wọ́n" ni ọ̀rọ̀ náà.

Òun ni mo fi ṣi àbúrò mi kan ṣoṣo lọ́nà. Bí ẹ bá ní kí á wò ó bí agbẹjọ́rò ṣe ń wo ọ̀rọ̀, mi ò parọ́ fún un. Ibẹ̀ gan-an ni ìtìjú mi wà.

Ó ti lé ní ọdún kan tí bàbá wa kú. Láti ìgbà náà ni mo ti ń bẹ̀rẹ̀ ìtàn yìí, tí mo sì ń fà á ya. Lónìí, mo fẹ́ kọ ọ́ dé òpin.

Àwa méjì péré ni àwọn òbí wa bí, obìnrin sì ni àwa méjèèjì. Ilé ìwòsàn ni Bàbá ti ṣiṣẹ́. Kì í ṣe dókítà. Òun ló ń tún bẹ́ẹ̀dì àti kẹ̀kẹ́ àwọn aláìsàn ṣe, tó ń fi òróró sí táyà wọn kí wọ́n má baà máa han. Màmá ń ránṣọ nínú yàrá iwájú ilé wa. Èmi ni àkọ́bí. Ọdún méje ni mo fi ju àbúrò mi lọ.

Kílófàá ni Bàbá sọ àbúrò mi yìí. Láti ìgbà tó ti mọ ọ̀rọ̀ í sọ, kò sí ohun tí èèyàn máa ṣe níwájú rẹ̀ tí kò ní béèrè pé kí ló fà á. Kí ló fà á tí ológbò kì í fi í wọ bàtà? Kí ló fà á tí orí bàbá yẹn fi pá? Nígbà kan, ó dúró níwájú àlejò Bàbá kan tó ti jókòó láti àárọ̀, ó bi í pé kí ló fà á tí wọn ò tíì lọ sí ilé wọn. Àlejò náà rẹ́rìn-ín títí, ṣùgbọ́n ó dìde.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi orúkọ yẹn sọ́kàn.

Àwòrán yíyà ni èmi fẹ́ràn. Nígbà tí mo jáde ilé ẹ̀kọ́ girama, mo ní iṣẹ́ gíráfíìkì ni mo fẹ́ kà gba dìgírì, kí n máa fi kọ̀ǹpútà ya àmì ilé iṣẹ́ àti páálí ọjà. Owó ilé ẹ̀kọ́ náà ga ju àjà ilé wa lọ. Wọ́n ní àwọn kan wà tó ń yá akẹ́kọ̀ọ́ lówó, tó bá ní onídùúró.

Bàbá gbọ́ gbogbo àlàyé mi tán, ó sì béèrè ohun kan ṣoṣo. Ó ní, "Iṣẹ́ náà dára. Ṣùgbọ́n ṣé ó lè ru ẹrù tí o fẹ́ dì lé e lórí yìí?"

Mo dáhùn pé ó lè rù ú. Báwo ni mo ṣe mọ̀? Mi ò mọ̀. Ọmọ tó fẹ́ lọ kì í wo òṣùwọ̀n. Bàbá tọwọ́ bọ̀wé gẹ́gẹ́ bí onídùúró, mo sì lọ.

Mo kàwé náà yege, mo sì ríṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe páálí ọjà. Èmi ni mo ya páálí ọṣẹ kan tó ní ewé mẹ́ta lára, tí Bàbá kò jẹ́ kí Màmá dà nù nígbà tí ọṣẹ inú rẹ̀ tán. Ojú fèrèsé ló gbé e sí. Gbogbo ẹni tó bá wọlé, á ní kí wọ́n wo iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ òun. Ẹnì kan tilẹ̀ bi í pé, ṣé ọṣẹ ni mo ń sè ni.

Iṣẹ́ náà wù mí. Owó rẹ̀ ni kò tó nǹkan. Kí owó oṣù tó débi tí mo wà, àwọn olówó ti yọ tiwọn lókè. Ilé gbígbé a gba tirẹ̀, ọkọ̀ wíwọ̀ a gba tirẹ̀, oúnjẹ a sì máa wò mí lójú. Mo tọrọ àfikún owó lọ́wọ́ ọ̀gá mi. Ọ̀gá ní àwọn ọmọ tó ń jáde ilé ẹ̀kọ́ báyìí ń bẹ òun pé àwọn máa ṣe é ní ìlàjì owó mi. Mo padà sídìí iṣẹ́ mi.

Nígbà tó yá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fo oṣù. Èlé gorí owó, owó gorí èlé. Adìẹ bà lókùn, ara kò rọ okùn, ara kò rọ adìẹ. Àwọn olówó pè mí títí, mi ò gbé e. Ni wọ́n bá dáwọ́ pípè mí dúró. Mo rò pé wọ́n ti gbàgbé mi. Onídùúró ni wọ́n ń pè.

Bàbá ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ̀yìntì nígbà náà ni. Wọ́n ti fún un ní owó ìfẹ̀yìntì, ó sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ìsọ̀ kan sẹ́yìn ilé wa, níbi tó ti fẹ́ máa tún àga àti tábìlì ṣe fún àwọn èèyàn. Ìpìlẹ̀ rẹ̀ ti jáde nílẹ̀, ó ti ga tó orúnkún.

Ó wá sí ilé mi fúnra rẹ̀. Àga kan ṣoṣo ni mo ní, ó kọ̀, kò jókòó lórí rẹ̀, etí ibùsùn ló jókòó sí. Ó ní òun ti lọ síbẹ̀, òun sì ti san gbogbo rẹ̀, wọn ò ní pè mí mọ́.

Mo wólẹ̀, mo sunkún. Mo béèrè nípa ìsọ̀. Ó ní ìsọ̀ kì í sá lọ.

Lẹ́yìn náà ló wá sọ ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ dáadáa. Ó ní, "Má sọ fún ẹnikẹ́ni, kí wọ́n má baà fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́. Bí wọ́n bá bi ọ́, sọ pé wọ́n ti san án. Irọ́ kọ́ nìyẹn."

Lóòótọ́, irọ́ kọ́. Nínú èdè wa, "wọ́n" kì í jẹ́ kí á rí ojú ẹni tó ṣe nǹkan. Wọ́n ti mú iná lọ. Wọ́n ti dí ọ̀nà. Wọ́n ti jí bàtà mi. Àwọn wo? A kì í béèrè. Bákan náà, bí ọmọ tó gbẹ̀kọ́ bá ń sọ̀rọ̀ nípa bàbá rẹ̀, "wọ́n" ni yóò pè é. Nítorí náà, nígbàkigbà tí mo bá ní wọ́n ti san án, bàbá mi ni mo ń tọ́ka sí. Ẹni tó bá gbọ́ ọ sí nǹkan mìíràn, etí rẹ̀ ló fi gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Bí mo ṣe máa ń tu ara mi nínú nìyẹn.

Etí àwọn èèyàn sì gbọ́ nǹkan mìíràn. Níbi iṣẹ́, wọ́n ní ọgbọ́n owó wà lórí mi. Ọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ mi nígbà náà, tó ti di ọkọ mi báyìí, sọ fún mi pé ìyá òun ń bẹ̀rù ìyàwó tó máa gbé gbèsè wọlé. Ó béèrè, ojú sì ń tì í bó ṣe ń béèrè, pé báwo ni ti owó ilé ẹ̀kọ́ mi. Mo ní wọ́n ti san án. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ní akíkanjú obìnrin ni mí.

Mo gba ìyìn náà. Mo gbé e wọ̀ bí ẹni yá aṣọ wọ̀, tí kò rántí dá a padà fún ẹni tó ni ín.

Ìgbà yẹn ni Kílófàá jáde ilé ẹ̀kọ́ girama.

Ọ̀nà méjì ló wà níwájú rẹ̀. Ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ṣe awò ojú fẹ́ gbà á, kí ó máa kọ́ bí wọ́n ṣe ń gé dígí, tí wọ́n ń fá a, tí wọ́n sì ń fi sínú férémù. Wọ́n máa san owó díẹ̀ fún un bó ṣe ń kọ́ṣẹ́. Kò ní yá kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ọ̀nà kejì ni tèmi: dìgírì gíráfíìkì, pẹ̀lú owó yíyá. Ọwọ́ rẹ̀ dára nínú àwòrán. Ká sọ tòótọ́, ó dára ju tèmi lọ.

Ó wá sí ilé mi ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan. Àfẹ́sọ́nà mi wà níbẹ̀, ó ń tú fáànù mi palẹ̀, ó ní òun fẹ́ tún un ṣe. Kílófàá jókòó sórí àga iṣẹ́ mi, ó yí i po, ó tún yí i po, ó ń wo kọ̀ǹpútà mi bí ọmọ tó ń wo àkàrà.

Ó sọ fún wa pé òun ti ń wádìí. Òun ti bi àwọn èèyàn tó ń ṣe iṣẹ́ náà. Ọ̀kan ní owó rẹ̀ kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n òun kò mọ̀ bóyá ọ̀lẹ ni onítọ̀hún. Òmíràn ń jẹ ayé orí rẹ̀, ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ ló sanwó ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀, kò yá kọ́bọ̀. Òun ti ṣírò iye tí wọ́n máa yọ lóṣù, iye tó máa ṣẹ́ kù, ọjọ́ orí tí òun máa dé kí ó tó tán. Ìṣirò náà ń dé ibì kan, ó ń dúró.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, nǹkan kan ṣoṣo ni mi ò mọ̀. Bí èèyàn bá yá owó kọ́ iṣẹ́ yìí, ṣé iṣẹ́ náà lè san án kí orí onítọ̀hún tó hewú? Ẹ̀yin nìkan ni mo mọ̀ tó yá a, tó sì ti bọ́. Bí ẹ bá ní ó ṣeé ṣe, màá lọ. Bí ẹ bá ní kò ṣeé ṣe, màá lọ gé dígí."

Àfẹ́sọ́nà mi rẹ́rìn-ín látorí ilẹ̀ tó wà. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n rẹ? Kò pé ọdún mẹ́rin tó fi já a dànù lọ́rùn ara rẹ̀."

Kílófàá yí àga náà padà sí ọ̀dọ̀ mi. "Ṣé lóòótọ́ ni?"

Ẹ dúró síbí díẹ̀ pẹ̀lú mi. Mo ti padà sínú yàrá yẹn lọ́kàn mi ju bí mo ṣe lè sọ lọ. Mo lè rán ọkùnrin yẹn jáde lọ ra nǹkan. Mo lè ní kí Kílófàá jẹ́ ká jọ rìn dé ibùdókọ̀, kí n sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un lójú ọ̀nà. Mo lè ní kó lọ bi Bàbá. Gbogbo ọ̀nà wọ̀nyí ló ṣí sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú ọkùnrin tó ń yangàn nítorí mi ni mò ń wò, ojú àbúrò mi tó ń wò mí bí ẹni ń wo òkè sì wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Ó dùn láti wà lókè.

Mo ní, "Wọ́n ti san án tipẹ́."

"Nídìí iṣẹ́ yìí náà?"

Mo na ọwọ́, mo mú páálí ọṣẹ kan tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yà, mo gbé e fún un. Mo ní kó wo àwọ̀ rẹ̀, kó sọ fún mi bóyá búlúù yẹn ṣókùnkùn jù. Mi ò ní bẹ́ẹ̀ ni. Mi ò ní bẹ́ẹ̀ kọ́.

Kílófàá, ọmọ tó ń bi àlejò léèrè, tó ń bi ológbò léèrè, kò béèrè mọ́. Ó gbà mí gbọ́. Ó ní búlúù náà dára.

Lọ́jọ́ Ajé, ó lọ sí ilé iṣẹ́ awò ojú, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ó ní òun kò ní lè wá.

Kí Bàbá tó tọwọ́ bọ̀wé fún un, ó pè mí lórí fóònù. Ó béèrè bóyá mo ti ṣàlàyé bí ọ̀rọ̀ ṣe rí fún àbúrò mi. Mo ní, "Mo ti bá a sọ̀rọ̀, Bàbá." Ẹ rí i? Òótọ́ tún ni. A jọ sọ̀rọ̀ nípa búlúù.

 Bàbá ní tó bá jẹ́ pé Kílófàá mọ̀, tó ṣì fẹ́ lọ, a jẹ́ pé ìfẹ́ iṣẹ́ náà ló wà lọ́kàn rẹ̀, òun kò ní dí i lọ́nà. Ó sì tọwọ́ bọ̀ ọ́.

Kílófàá kàwé, ó yege jù mí lọ. Ilé ìtẹ̀wé kan ló gbà á síṣẹ́, níbi tó ti ń ya ìwé ìkéde àti kàlẹ́ńdà. Àwọn oníbàárà á dúró sí ẹ̀yìn àga rẹ̀, wọ́n á máa tọ́ka: gbé e sókè, sọ ọ́ di pupa, jẹ́ kí orúkọ mi tóbi ju ti ìgbákejì mi lọ. Bó bá sọ iye owó rẹ̀, wọ́n á ní ṣebí kọ̀ǹpútà ló ṣe é. Ó máa ń sín wọn jẹ fún wa nílé, a sì máa ń rẹ́rìn-ín.

Nígbà tó yá, kò sín wọn jẹ mọ́. Ó wá bá mi, ó ní kí n kọ́ òun ní ọgbọ́n tí mo dá. Ó ní òun ti ṣe é síwá, òun ti ṣe é sẹ́yìn, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yọ tiwọn tán, ohun tó ń kù kò lè gba ilé, kò lè gba oúnjẹ. Ó ní, "Kí ló fà á tí tiyín fi ṣeé ṣe, ẹ̀gbọ́n mi?"

Mo gbà á nímọ̀ràn. Ọlọ́run dárí jì mí, mo jókòó sórí àga tí mo rà lẹ́yìn tí bàbá mi ti san gbèsè mi, mo sì gba àbúrò mi nímọ̀ràn. Mo ní kó dín ìnáwó kù. Mo ní kó máa gba iṣẹ́ ìta mọ́ tilé iṣẹ́.

Ó gbà á. Ó ń ti ilé ìtẹ̀wé dé, ó ń jókòó ti iṣẹ́ ìta. Ọrùn ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ wú. Ó fi aṣọ dì í, ó ń fi ọwọ́ òsì ṣiṣẹ́. Lọ́jọ́ kan, ó sọ fún mi lórí fóònù pé ó rẹ òun, pé òun sun ọ̀sán ọjọ́ Àìkú mọ́jú.

Mo ní, "Ìwọ náà máa ń sinmi jù."

Nínú gbogbo ohun tí mo ṣe, gbólóhùn yẹn ló máa ń jí mi. Òótọ́ ò sí nínú rẹ̀ rárá, kódà lójú agbẹjọ́rò.

Lẹ́yìn èyí ni àìsàn dá Bàbá dúbúlẹ̀. Ilé ìwòsàn tó ti ṣiṣẹ́ ni wọ́n gbé e lọ, orí bẹ́ẹ̀dì tó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ tún ṣe rí ni wọ́n sì tẹ́ ẹ sí. Ó máa ń na ọwọ́ sí irin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, á mì í wò, á ní ó ṣì dúró.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ní kí Màmá lọ jẹun. Ó fà mí mọ́ra. Ó ní Kílófàá wá kí òun, òun sì rí ọwọ́ rẹ̀. Òun bi í pé kí ló dé tí kò sọ fún mi kí n ràn án lọ́wọ́. Kílófàá fèsì pé ojú mi ń ti òun, nítorí pé èmi san tèmi, òun kò lè san ti òun.

Bàbá wò mí. "O ò sọ fún un."

Mi ò lè gbé orí sókè.

Ó ní, "Èmi ni mo kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ yẹn. Ẹ̀bi tèmi wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n aṣọ tí mo fi bò ọ́ láṣìírí, má fi di àbúrò rẹ lójú."

Mo ní màá sọ fún un.

"Nígbà wo?"

"Kí ẹ tó délé, Bàbá."

Bàbá kò délé.

A sin ín. Àwọn èèyàn wá, wọ́n lọ. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, àwa mẹ́ta péré ló kù, èmi, Màmá àti Kílófàá, nínú yàrá ìránṣọ. À ń ká àwọn aṣọ Bàbá. Mo ti ń wá ọ̀rọ̀ tí màá fi bẹ̀rẹ̀. Mo sọ fún ara mi pé ọ̀fọ̀ ṣì tutù, kí n jẹ́ kó gbẹ díẹ̀.

Kílófàá ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ṣòkòtò iṣẹ́ Bàbá ló ń ká, kò wo ojú ẹnikẹ́ni. Ó ní kí Màmá má bínú, pé òun mọ̀ pé kò yẹ kí òun máa sọ èyí báyìí. Ó ní bóyá nǹkan ṣẹ́ kù nínú owó ìfẹ̀yìntì Bàbá, nítorí òun kò rí i kí wọ́n fi ṣe ohunkóhun, wọn ò parí ìsọ̀ yẹn. Ó ní kí Màmá yá òun, òun máa dá a padà. Òun mọ̀ pé òun kò já fáfá bí ẹ̀gbọ́n òun.

Màmá dúró, ó ń wò ó bí ẹni tí kò gbọ́ èdè tó ń sọ. Ó ní, "Owó wo? Ṣebí o mọ̀ pé wọ́n ti fi san gbèsè ẹ̀gbọ́n rẹ."

"Àwọn wo?"

"Bàbá yín. Ta ni mo tún ń pè ní 'wọ́n' nínú ilé yìí?"

 Màmá wò mí, ó wo Kílófàá, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yé e pé òun ti tú ohun kan tí òun kò mọ̀ pé ó wà ní dídì. Mo rí i bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe lọ sí ẹnu rẹ̀.

Mo ń retí ìbéèrè. Mo ti ń retí kó ní kí ló fà á, kí n lè wólẹ̀, kí n sọ ọ́, kí n sunkún. Kò béèrè. Ó ká ṣòkòtò náà tán, ó fi ọwọ́ tẹ́ ojú rẹ̀, ó gbé e lé àwọn yòókù. Ó wá gbé ọrùn ọwọ́ rẹ̀ tí wọ́n fi aṣọ dì sókè, ó ń wò ó.

Ó ní, "Ọ̀lẹ kọ́ ni mí, nígbà náà."

Ó dìde, ó sì jáde lọ sí ẹ̀yìn ilé.

Mo rò pé ó ti parí síbẹ̀, ẹ̀yin òǹkàwé, pé kò tún sí ìtìjú tó lè ga ju ìyẹn lọ. Ó kù.

Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ẹ̀gbọ́n Bàbá wa obìnrin, tí a ń pè ní Màmá Àgbà, wá kí Màmá. Gbogbo wa wà ní pálọ̀, ọkọ mi náà wà níbẹ̀. Ọkọ mi kò tíì mọ nǹkan kan. Mi ò tíì sọ fún un. Kílófàá ń dá mi lóhùn nígbà náà bí èèyàn ṣe ń dá akọ̀wé ilé ìfowópamọ́ lóhùn: bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ ṣeun.

Màmá Àgbà rí ọwọ́ rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ó ní irú iṣẹ́ wo ló ń jẹ ọmọ lọ́wọ́ báyìí, tí kò sì fún ọmọ jẹ. Ó ní ṣebí àwọn tó ń ṣe awò ojú fẹ́ gbà á nígbà kan, awò tí òun gan-an ń wá ẹni bá òun tún ṣe. Ó ní, "Ta ló ní kí o fi iṣẹ́ yẹn sílẹ̀?"



Kílófàá gbójú sókè. Ó wo èmi. Ó wo ọkọ mi tó jókòó tì mí. Mo rí i bó ṣe wọn ọ̀rọ̀ náà lọ́kàn, bó ti ń wọn gbogbo nǹkan. Ó lè tú àṣírí mi pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kan, ó sì lẹ́tọ̀ọ́ sí i.

Ó ní, "Wọ́n ní iṣẹ́ gíráfíìkì máa ń san gbèsè ara rẹ̀ ni."

Màmá Àgbà mi orí. Ọkọ mi náà mi orí, ó ní àwọn èèyàn a máa tan ọmọ jẹ. Kò sẹ́ni tó béèrè àwọn wo. A kì í béèrè.

Àbúrò mi ti mú ọ̀rọ̀ tí mo fi tàn án, ó ti fi bò mí.

Mi ò mọ ìgbà tí mo dìde. Mo gbọ́ ohùn ara mi bí ohùn ẹlòmíràn. "Màmá Àgbà, èmi ni. Èmi ni wọ́n."

Mo sọ gbogbo rẹ̀ lórí ìdúró, níwájú ọkọ mi, láti orí gbèsè mi dé orí búlúù. Màmá Àgbà kò bú mi. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó sì gbé e padà sójú, bí ẹni pé ó fẹ́ rí mi dáadáa. Ìyẹn burú ju èébú lọ.

Nínú ọkọ̀, ọkọ mi pa rédíò. Ó wá ní gbèsè kọ́ ló dun òun, kódà irọ́ náà kọ́. Ó ní òun ti fi mí ṣe àpẹẹrẹ fún àwọn ọmọ níbi iṣẹ́ òun. Ọmọ ọ̀gá òun ti torí bẹ́ẹ̀ yá owó.  Títí di òní, mi ò mọ ọmọ náà, mi ò sì mọ iye àwọn mìíràn.

Ẹ ò gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ lẹ́nu mi pé iṣẹ́ gíráfíìkì kò dára. Òun ni mò ń ṣe, òun ni mò ń jẹ. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ ni pé ẹni tó fẹ́ yá owó kọ́ iṣẹ́ kò nílò ìyìn, kò nílò àpẹẹrẹ tó ń dán. Iye tí iṣẹ́ náà ń san ló nílò, àti orúkọ ẹni tó sanwó gan-an. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé wọ́n ti san án, ẹ má tijú. Ẹ bi í pé àwọn wo.

Lóṣooṣù báyìí, mo máa ń san apá kan nínú gbèsè Kílófàá. Ó máa ń gbà á, kì í dúpẹ́, mi ò sì retí rẹ̀. Ó ti tú aṣọ ọwọ́ rẹ̀. Ó tún lọ béèrè ní ilé iṣẹ́ awò ojú, wọ́n ní àwọn ti gba ẹlòmíràn.

Ní oṣù tó kọjá, mo bá a lẹ́yìn ilé, ó jókòó lórí ìpìlẹ̀ ìsọ̀ Bàbá, níbi tí Màmá ń sá aṣọ sí báyìí. Mo jókòó, mo fi àyè sílẹ̀ láàárín wa. Mo ní mo ti ń ronú pé kí n wá bíríkì, kí n gbé ìsọ̀ náà dìde, kí n fi ṣe ìrántí Bàbá.

Ó kọjú sí mi. Ó ní, "Kí ló fà á?"

Ó ti lé ní ọdún kan tí mo ti gbọ́ ọ gbẹ̀yìn. Omi bọ́ lójú mi. Mo ní nítorí pé mo jẹ Bàbá ní gbèsè.

Ó fa ewéko kan tu láàárín bíríkì. Ó ní, "Bàbá kò sin yín lówó. Ẹ kọ́kọ́ san ti ẹni tó ṣì ń mí."

Mo ní ó dára. Ohun tí mò ń ṣe nìyẹn. Bí ẹnikẹ́ni bá sì bi mí lónìí nípa gbèsè àbúrò mi, mo ti mọ bí wọ́n ṣe ń dáhùn: kò tíì tán, èmi ni mo dá a sílẹ̀, èmi náà ni mò ń san án.